Ọkọ̀ Òfurufú Abẹ́ Igbá

Nọ́ọ̀sì Caleb ló kọ́kọ́ rí òkú náà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ọjọ́rú ló máa ń yà sílé Tíṣà Mákánjúọlá ní Ṣakí láti wo ìfúnpá rẹ̀, nítorí Tíṣà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó kan ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ títí, kò gbọ́ ohùn, ó bá tì í wọlé. Tíṣà jókòó sórí àga, ó gbórí lé apá lórí tábìlì bí ẹni tí oorun gbé lọ lẹ́nu iṣẹ́. Caleb fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé oorun kọ́.

Ọkọ̀ òfurufú kékeré kan dúró lórí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí òkú náà. Ọkọ̀ ogun àwọn ará Jàpáànù ni, irú èyí tí wọ́n fi ja ogun Hítílà ní Bọ́mà, tí wọ́n sọ ní Hayabusa, orúkọ ẹyẹ àṣá kan nílẹ̀ wọn. Igi málínà ni Tíṣà fi gbẹ́ ẹ. Ó wọn gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n ti ojúlówó, débi pé láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ó fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kun ara rẹ̀, ó sì kun òbìrìkìtì pupa sórí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Caleb fẹ́ sún un kúrò lọ́nà. Ìka rẹ̀ kan òbìrìkìtì náà, ọ̀dà tútù sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀dà tútù yẹn ló kó Mùyìbátù sí gbaga.

Ẹ wo bí àwọn ọlọ́pàá ṣe rò ó. Dókítà ti sọ pé ẹnì kan ló fi ìrọ̀rí bo Tíṣà nímú lẹ́nu títí ẹ̀mí fi bọ́, ó rí òwú ìrọ̀rí náà nínú ihò imú rẹ̀. Ọyẹ́ sì ń jà ní Ṣakí, gbogbo ètè ló ń sán, aṣọ tí èèyàn sá kì í pẹ́ gbẹ. Ọ̀dà wo ni yóò wá tutù láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́? Wọ́n ní ó dájú pé Tíṣà ṣì ń kun ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán. Ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn aládùúgbò sì rí tó wọ yàrá náà lẹ́yìn ọ̀sán, ìyẹn Mùyìbátù, ayálégbé rẹ̀, tó gbé oúnjẹ wọlé fún un ní aago méjì. Òun náà ló bá Tíṣà fa ìjà ní ọjọ́ Túsìdé tó ṣáájú. Wọ́n mú un, tòun ti ọmọ oṣù mẹ́jọ tó pọ̀n sẹ́yìn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá àgọ́ ju fáìlì náà síwájú Ìsípẹ́kítọ̀ Ọmọ́tóyọ̀sí. "Ó ti parí," ni ó wí. "Ṣáà bá mi kọ ọ́ kó mọ́ tónítóní. Mọ́ńdè la máa gbé e lọ sí kóòtù."

Ọmọ́tóyọ̀sí jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ bíbí Ìṣẹ́yìn, tí kì í pariwo. Àléébù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń ráhùn, ni pé kò lè kọ ohun tí kò yé e. Ó ka fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, kò yé e. Ó sì mọ̀ dáadáa pé ẹni tí wọ́n bá jù sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn lè lo ọdún mẹ́rin kí ẹjọ́ rẹ̀ tó lójú. Ọmọ tó wà lẹ́yìn Mùyìbátù yóò ti máa sáré kiri nígbà náà, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni yóò sì ti kọ́ ìrìn. Ó dìde, ó lọ sí àhámọ́.

Mùyìbátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fún ọmọ lọ́yàn.

"Kí ló fa ìjà ọjọ́ Túsìdé?" Ọmọ́tóyọ̀sí bi í.

"Mò ń gbálẹ̀ ni, mà, mo wá gbá táyà ọkọ̀ òfurufú wọn dànù. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ, mi ò mọ̀ pé nǹkan gidi ni. Bàbá wá ń jágbe mọ́ mi bí ẹni pé mo jalè. Inú bí mi, mo ní, 'Àfi kí ikú wá gba iṣẹ́ ọmọdé yìí lọ́wọ́ yín!' Ẹnu lásán ni, mà. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ẹnu lásán ni."

"Ọjọ́rú ńkọ́?"

"Mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Wọ́n gbórí lé tábìlì. Mo kí wọn, wọn ò dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bínú sí mi. Mo wá bo oúnjẹ nítorí eruku, mo jáde."

Ìdáhùn yìí wà nínú fáìlì. Ọlọ́pàá tó kọ ọ́ ti fa ìlà sí abẹ́ "wọ́n ṣì ń bínú sí mi," nítorí lójú tirẹ̀, ẹni tó ń bínú kò tíì kú.

"Àwọn ará ilé ní o pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí o tó jáde. Kí lò ń ṣe?"

Mùyìbátù tẹjú mọ́lẹ̀, ó gbé ọmọ sí ọmú kejì. Ọmọ́tóyọ̀sí kò tẹ̀ ẹ́. Ó gba ibòmíràn yọ sí i. "Kí lo fi bo oúnjẹ?"

"Igbá ni."

"O gbé igbá dání láti ilé ìdáná?"

"Rárá o, mà. Orí tábìlì yẹn ló wà, ó dé orí ọkọ̀ òfurufú wọn. Mo ṣáà fà á, mo fi bo oúnjẹ. Ṣé oúnjẹ ò ju igi lọ ni?"

"O sọ èyí fún àwọn tó mú ẹ?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí."

Yàrá iṣẹ́ náà ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan kọjú sí àgbàlá, ọ̀kan kọjú sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í pọ̀. Kọ́púrù Dáníẹ́lì, tó bá Ìsípẹ́kítọ̀ wá, di imú nítorí oúnjẹ tó ti kan. Igbá ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn gàrí, ló dé e mọ́lẹ̀. Ọmọ́tóyọ̀sí gbé igbá náà, ó sì yí inú rẹ̀ sókè. Ọ̀dà pupa ti kan etí rẹ̀ ní inú, níbi méjì.

"Dáníẹ́lì, ta ló kun igbá?"

"Ẹnikẹ́ni ò kùn ún, mà. Ara ọkọ̀ òfurufú yẹn ló ti..." Dáníẹ́lì lanu sílẹ̀. "Háà. Wọ́n ti kun ọkọ̀ yìí kí Mùyìbátù tó wọlé!"

"Bí eruku ọyẹ́ bá bà lé ọ̀dà tútù, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Torí ẹ̀ ni Tíṣà ṣe ń dé igbá bo ohun tó bá kùn. Ó kù ká mọ bí ọ̀dà ṣe ń pẹ́ tó lábẹ́ igbá."

Ó mú ègé igi málínà méjì nílẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa tó wà nínú agolo Tíṣà kùn wọ́n, ó fi ọ̀kan síta gbangba, ó dé igbá lé èkejì. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Kó tó di aago kan ọ̀sán, ti ìta ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n ṣí ti abẹ́ igbá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀dà ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ṣùgbọ́n kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, ó ti rí ohun mìíràn. Òbìrìkìtì ìyẹ́ ọ̀tún yí po dáadáa, ti òsì ti fà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú awò tí Tíṣà fi ń wo nǹkan wẹ́wẹ́, ó sì tẹjú mọ́ ibẹ̀. Ojú aṣọ ló rí nínú ọ̀dà náà: ìlà òwú, ihò kéékèèké mẹ́ta, ìlà òwú, ihò mẹ́ta.

"Ó lè jẹ́ pé apá Tíṣà ló kàn án nígbà tó ṣubú," ni Dáníẹ́lì wí.

"Wo fọ́tò tí ẹ yà. Súwẹ́tà tí kò lápá ló wà lọ́rùn ẹ̀, ọ̀dà kankan ò sì sí lápá ẹ̀. Aṣọ ẹlòmíràn ló kàn án. Òfì oníhò ni, Dáníẹ́lì. Àárín ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Ó lọ bá Caleb ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì náà ti ń retí ẹni tí yóò bi í léèrè, inú sì ń bí i pé kò sẹ́ni tó wá.

"Apá Tíṣà ti le gbagidi nígbà tí mo débẹ̀," ni ó wí. "Ẹni tó kú ní wákàtí méjì sẹ́yìn kì í le báyẹn. Mo sọ fáwọn ọlọ́pàá yín, wọ́n ní ọyẹ́ ló mú un le! Ọyẹ́!"

"Kí ni Tíṣà fẹ́ fi ọkọ̀ òfurufú náà ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ gbé e sínú gbọ̀ngàn tuntun tí wọ́n máa ṣí ní Sátidé, èyí tí Olóyè Adétòkunbọ̀ Ọ̀jẹ̀túndé fi sọrí bàbá ẹ̀. Bàbá Olóyè àti bàbá Tíṣà ni wọ́n jọ lọ sógun Bọ́mà. Olóyè ní bàbá òun ló yìnbọn já irú ọkọ̀ yẹn bọ́. Ṣùgbọ́n Tíṣà sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé òun rí ìwé ogun bàbá òun, èyí tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ lójú ogun, òun sì máa ka nǹkan jáde ní Sátidé tí kò ní dùn mọ́ ẹnì kan nínú. Mo ní kí ni. Wọ́n ní gbogbo ohun tí àwọn bá kàn, abẹ́ ẹ̀ làwọn ń kọ ìdí ẹ̀ sí." Caleb dìde, ó yí àga tó jókòó lé padà. Wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Fún Caleb, tó tọ́jú mi nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mákánjúọlá.*

Ìwé ogun náà kò sí nínú yàrá mọ́. Ọmọ́tóyọ̀sí gbé ọkọ̀ òfurufú kúrò lórí pátákó rẹ̀, ó sì yí pátákó náà. Orúkọ ènìyàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti ìlú wọn: Ṣakí, Ìgànná, Adó-Àwáyè, Ìṣẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ wọn ni Tíṣà kọ eléyìí sí: *Bọ́mà, 1944. Wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má dáná. Ọ̀jẹ̀túndé sun iṣu ní ọ̀sán gangan. Ọkọ̀ yìí rí èéfín. Kò sẹ́ni tó já a bọ́. Ó pa wọ́n, ó sì bá tirẹ̀ lọ.*

Ọmọ́tóyọ̀sí kà á tán, ó padà sórí àwọn orúkọ náà. Orúkọ kẹrin, ọmọ Ìṣẹ́yìn, kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ.

Olóyè Adétòkunbọ̀ gbà á tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àwòrán bàbá rẹ̀ nínú aṣọ sójà, tòun ti àmì ẹ̀yẹ ogun láyà, ló gba ògiri pálọ̀ kan.

"Ọ̀rẹ́ mi ni Mákánjúọlá," ni ó wí. "Ikú ẹ̀ dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ ti mú obìnrin yẹn."

"A mú un, sà. Ìgbà wo lẹ rí Tíṣà gbẹ̀yìn?"

"Láti ọjọ́ Sọ́ńdè. Ọjọ́rú tó kú yẹn, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo kúrò ní Ṣakí. Ìpàdé àwọn àgbẹ̀ gbé mi lọ sí Ìṣẹ́yìn. Láti aago méjìlá títí di mẹ́rin, ojú ọgọ́rin ènìyàn ni mo wà. Ẹ bi wọ́n."

"Ẹ ṣeun, sà. Ìwé ogun bàbá Tíṣà, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ìwé kẹ̀?" Olóyè rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹni tó ń fi igi ṣeré lẹ máa gbà gbọ́?"

Ọmọ́tóyọ̀sí kí i, ó jáde. Kò tíì sọ fún un pé ìwé náà sọ ohunkóhun.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gba Ìṣẹ́yìn lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Débọ́lá, fi àwọn fọ́tò ìpàdé hàn án lórí fóònù. Gbogbo àgbààgbà ibẹ̀ ló wọ agbádá gọbọi, àfi Olóyè Adétòkunbọ̀ tó wọ bùbá lásán.

"Àwa náà fi ṣe yẹ̀yẹ́," ni Débọ́lá wí. "Olóyè tí kì í bọ́ òfì lọ́rùn! Wọ́n ní ooru ń mú àwọn. Ooru, nínú ọyẹ́!"

Ọmọ ibòmíràn ìbá máa wá agbádá náà kiri lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ọmọ́tóyọ̀sí mọ̀ pé àgbàlagbà kì í ki òfì bọmi. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, kí wọ́n tó rán wọn pọ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, wọn á tú u, wọn á fi òmíràn rọ́pò. Ó ń ti ilé ahunṣọ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń béèrè ẹni tó bá olóyè kan láti Ṣakí tún agbádá ṣe. Ilé kẹfà ni ti Bàbá Ojúọlápé, arúgbó kan tó jókòó sídìí òfì rẹ̀ tí kò dá ọwọ́ dúró.

"Èmi ni, ọmọ mi," ni arúgbó náà wí. "Ọjọ́rú, nǹkan bí aago mọ́kànlá ló gbé e wá. Ó ní ọ̀dà ilẹ̀kùn ló kan òun lápá, òun sì fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Sátidé. Mo ní irú ọ̀já ẹ̀ nílẹ̀, mo tú ti àtijọ́, mo rán tuntun sí i. Àná ló rán èèyàn wá gbé e."

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ti àtijọ́ ńkọ́?"

"Ó wà ńlẹ̀. Bí mo bá tú ọ̀já, mo máa ń fi pamọ́. Ọjọ́ tí oníbàárà bá tún dé, òun ni mo fi ń mọ òwú tí mo lò." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa ọ̀já sányán kan jáde lábẹ́ àpò òwú. Ọ̀dà pupa ti gbẹ mọ́ àárín rẹ̀.

Ọmọ́tóyọ̀sí gbé ọkọ̀ òfurufú jáde nínú páálí, ó tẹ́ ọ̀já náà sórí ìyẹ́ òsì. Ihò mẹ́ta bọ́ sórí àmì mẹ́ta, ìlà bọ́ sórí ìlà. Bàbá Ojúọlápé dá ọwọ́ dúró.

"Ọmọ mi, kí ni mo fọwọ́ kàn yìí?"

"Iṣẹ́ yín lẹ ṣe, Bàbá. Ẹ má bẹ̀rù."

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, gbọ̀ngàn tuntun náà ti kún. Olóyè kò dá ayẹyẹ náà dúró. Ó ní kí wọ́n fi rántí Tíṣà pẹ̀lú, àwọn ènìyàn sì ń yìn ín fún ìwà ọmọlúàbí. Ó jókòó níwájú nínú agbádá òfì rẹ̀. Ọmọ́tóyọ̀sí wọlé pẹ̀lú Dáníẹ́lì, ó rìn tààrà lọ síwájú, ó sì gbé ọkọ̀ òfurufú kalẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n ti tẹ́ aṣọ sí fún un.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ọ̀já kan lápá òsì yín mọ́ ju ìyókù lọ."

Olóyè wo apá rẹ̀. "Ṣé ohun tó gbé ẹ wá rèé?"

"Òun ni, sà. Ti àtijọ́ rèé lọ́wọ́ mi." Ó tẹ́ ọ̀já náà sórí ìyẹ́. "Ẹ ní láti Sọ́ńdè lẹ ti rí Tíṣà gbẹ̀yìn. Àárọ̀ Ọjọ́rú gan-an ló kun pupa yìí, apá aṣọ yín ló sì fà á nígbà tó ṣì tutù. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lẹ gbà wọlé. Tíṣà ṣí igbá, ó fi iṣẹ́ ẹ̀ hàn yín, ó sì sọ ohun tó fẹ́ kà lónìí. Nígbà tí ẹ ti ṣe tán pẹ̀lú ìrọ̀rí, ẹ rí i pé ọ̀dà ti fà, ẹ dé igbá padà kí ẹnikẹ́ni má bàa tètè rí i. Igbá yẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ. Ẹ kó ìwé ogun lọ, ẹ kò yí pátákó wò. Ẹ bá mi lọ sí àgọ́, sà."

Ó dà bí ẹni pé Olóyè fẹ́ sẹ́, ó tiẹ̀ lanu, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀já náà.

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá mi," ni ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ebi ló ń pa á. Iṣu igbó kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni kò sun iṣu rí? Mo bẹ Mákánjúọlá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi Adétòkunbọ̀. Ó ní òun ò lè purọ́ fún òkú. Kí ni òkú fẹ́ fi òtítọ́ ṣe? Àwọn ọmọ mi ló máa gbé ìtìjú ẹ̀!"

"Àwọn ọmọ yín máa gbé èyí tó wúwo ju ìyẹn lọ báyìí," Ọmọ́tóyọ̀sí dá a lóhùn. Dáníẹ́lì sì de Olóyè lọ́wọ́.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Ìsípẹ́kítọ̀ padà sí àgọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí àhámọ́. Ó jókòó ti Mùyìbátù sórí ilẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí Olóyè ṣe wọlé, bí igbá ṣe dé orí ọkọ̀, bí ọ̀dà kò ṣe gbẹ. Ó rò pé yóò bú sẹ́kún ayọ̀. Mùyìbátù kò sunkún. Ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan.

"Aago mélòó ni Olóyè débẹ̀, mà?"

"Kò tíì tó aago mẹ́sàn-án."

"Nígbà tí mo gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n ti kú?"

"Ó ti tó wákàtí márùn-ún."

Mùyìbátù gbé ọmọ mọ́ àyà. "Ẹ bi mí léèrè ohun tí mo dúró ṣe, mi ò lè sọ, ojú ń tì mí. Mo kúnlẹ̀ ni, mà. Mo ní, 'Ẹ má bínú, Bàbá, ẹnu mi ló ṣì sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáríjì mí.' Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro mí, wọn ò gbórí sókè. Mo wá bínú. Mo ní àgbà burúkú ni wọ́n, mo jáde." Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ náà. "Àṣé wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ wọ́n."

Ọmọ́tóyọ̀sí fẹ́ sọ pé wọn ò gbọ́ èébú náà pẹ̀lú. Kò lè sọ ọ́. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè rí ọwọ́ dìde, wọ́n sì jọ jáde sínú oòrùn.